Oyin Tí Kò Ní Oró

Bí Odette bá jí láàárọ̀, kó tó bu omi bọ́jú, kó tó ké pe Màríà tàbí ẹnikẹ́ni mìíràn lọ́run, etí ló kọ́kọ́ máa ń gbé lọ ti òkúta. Òkúta náà wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, ní èjìká òkè kan tí ń wo Dassa nísàlẹ̀. Ó ga ju òrùlé lọ, ó sì la láàárín bí ẹnu àgbà tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ. Inú pàlàpálá yẹn ni àwọn oyin kéékèèké ń gbé. Ẹ má rò ó sí oyin tí ń lé ènìyàn wọ odò o. Èyí kò tóbi ju ìrẹsì lọ, ó dúdú, kò sì ní oró nídìí. Aláìlóró ni wọ́n ń pè é nílé bàbá Odette. Ìda àti oje igi ló fi ń mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí yóò yọ síta lára òkúta bí ọ̀pá tín-ín-rín tí ihò rẹ̀ kò gba ìka ọmọdé.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Lambert, ọkọ Odette, ti kú. Láti ìgbà náà, ẹni tí Odette ń kí láàárọ̀ kò ju òkúta yẹn lọ. Á fi etí tì í, á gbọ́ hùùù inú rẹ̀, á ní, "Ẹ jí o, ẹ̀yin ará ilé," kó tó lọ dáná. Bó bá wù ẹ́, pè é ní wèrè. Ó ti gbọ́ èyí tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ rí, ó sì dá olúwarẹ̀ lóhùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Èrèlé, ó gbé etí ọ̀tún ti òkúta, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé ti òsì tì í. Òtútù òkúta nìkan ló wọ̀ ọ́ létí. Ó wá fi èékánná kan ọ̀pá ìda náà. Bí ará ilé bá wà nílé, etí ọ̀pá yẹn máa ń rọ̀, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tún un mọ. Èyí gbẹ. Ó dá kání, ó sì rún sí i lọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀pà.

Ó dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíkí àárọ̀ nìkan mọ́. Diane ti ránṣẹ́ béèrè oyin.

Diane ni ọmọ kan ṣoṣo tí Odette bí. Kútọnu ló ń gbé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló pè lórí fóònù, ó ní òun lóyún, òun á bí nínú oṣù tó ń bọ̀, òun sì fẹ́ kí Màmá mú oyin aláìlóró wá fún ìsọmọlórúkọ. Nílé bàbá Odette, oyin mìíràn kì í kan ahọ́n ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ní ẹnu tí a bá fi oyin olóró là, oró ni yóò máa sọ títí dọjọ́ alẹ́. Odette nìkan ni wọ́n ṣe é yàtọ̀ fún nínú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n bí i, iná ọyẹ́ gba orí òkè kọjá, kò sí aláìlóró kankan, ni bàbá rẹ̀ bá fi oyin tí ń ta ni rọ́pò. Láti ìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé oyin yẹn ló ń fọhùn. Ó gbádùn rẹ̀ nígbà náà. Ta ni kì í gbádùn ohun tí yóò gba ẹ̀bi lọ́wọ́ ẹni?

Ó gbádùn rẹ̀ títí di ọjọ́ ìsìnkú Lambert. Diane dé láti Kútọnu pẹ̀lú bàtà tí ń dán. Níwájú gbogbo ènìyàn, Odette ní oṣù mẹ́rin ni Lambert fi ń húkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ọmọ kò wá. Ó ní bàtà ló wá fi han òkú. Diane kò dúró kí erùpẹ̀ gbẹ lórí sàréè. Láti ọjọ́ náà, fóònù Kérésìmesì, fóònù Ọdún Àjíǹde, ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ìgbà tó wá pè nítorí oyin yìí, ó ní, "Màmá, mi ò fẹ́ kí ọmọ mi ní ẹnu…" Ó dákẹ́ síbẹ̀. Odette ló bá a parí rẹ̀: "Ẹnu bíi tèmi." Diane kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní, "Ẹ ṣáà mú un wá."

Ọdún mẹ́sàn-án, ẹnikẹ́ni kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ Odette. Ó fi fóònù náà sí àyà rẹ̀, ó jókòó tì í títí iná rẹ̀ fi kú.

Báwo wá ni òkúta ṣe dákẹ́? Àlejò ló fà á. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí àwọn tó wá gbàdúrà ní Arigbo, ihò àpáta Màríà ní Dassa, nínú oṣù Ògún ti padà sílé wọn, Landry gun ọ̀kadà gòkè wá. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣiṣẹ́ fún àjọ kan ni, wọ́n ń pín àpótí oyin fún àwọn àgbẹ̀. Ó ní oyin á mú kí kajú so. Ó ní ẹni tó bá ní oyin nínú igbó kò ní fi iná sí igbó. Ó ní àwọn èrò Arigbo á rà á tán lọ́dọọdún. Gbogbo rẹ̀ dùn létí, òótọ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Odette gbọ́ jù ni pé Landry á máa wá wo àpótí ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ó ní òun á gba ogún.

Landry ní kó pín wọn káàkiri, méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, kí wọ́n jìnnà síra wọn. Odette wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tí wọn kò kọ́ nílé. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, bí àlejò bá dé, ẹ̀gbẹ́ ògiri onílé ni wọ́n ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sí. Ẹni tó bá tẹ́ ẹní àlejò sí etí igbó ti bú u. Oyin ni onílé, oyin ni àlejò, ẹbí kan náà ṣáà ni. Ó ní kí wọ́n to ogún àpótí náà síwájú òkúta, kí àwọn ará ilé lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Igi òrí kan wà létí oko ikàn rẹ̀ tó ti kú lórí ìdúró. Ó gé e lulẹ̀, ó là á, ó fi ṣe ẹsẹ̀ fún àwọn àpótí kí èèrà má baà gùn wọ́n. Landry ní "dakọ́", ọ̀rọ̀ Faransé tó fi ń gba ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó kọ ogún sínú ìwé, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì di oṣù méjì-méjì. Oṣù méjì-méjì di fóònù. Àwọn àpótí kún, Odette sì ní ariwo tó tó wàyí lẹ́yìn ilé rẹ̀. Kò mọ̀ pé ohùn kan ń kú lábẹ́ ìkejì.

Oyin tí ń ta ni kì í ṣe àjèjì lórí òkè yẹn, kẹ́nikẹ́ni má purọ́ mọ́ ọn. Bàbá Odette mọ ilé wọn méjì tàbí mẹ́ta nínú ihò igi. Òkè lè bọ́ ilé méjì mẹ́ta. Ogún ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kún bí ọjà Dassa, lójú kan ṣoṣo, ìlú ńlá nìyẹn, ìlú ńlá kì í sì í bi ará oko bóyá ó ti jẹun.

Ibi mẹ́ta ni Odette mọ̀ tí aláìlóró ń gbé. Lọ́jọ́ tí òkúta dákẹ́, ó lọ wo ìkejì, lára ògiri ilé bàbá rẹ̀ tó ti wó. Èèrà ló bá níbẹ̀. Ó gun òkè lọ síbi ìkẹta, lábẹ́ gbòǹgbò igi ọ̀pọ̀tọ́. Ó fi etí sílẹ̀. Hùn tín-ín-rín kan ń bẹ, bí ẹni tí ń mí lójú oorun. Ó rọra ṣí amọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Aláìlóró kì í kó oyin sínú afárá; ìkòkò ìda kéékèèké tó tó ẹ̀wà ló ń rọ ọ́ sí. Ní irú àkókò yìí, ìkòkò yẹn yẹ kó pọ̀ bí èso àjàrà. Mẹ́jọ ni Odette kà. Oyin inú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kò ju ṣíbí kan lọ.

Ṣíbí kan tó fún ahọ́n ọmọ. Ó tó dáadáa. Ṣùgbọ́n òjò ṣì jìnnà, ohun tí wọ́n máa jẹ dé òjò náà nìyẹn. Ó ti fa ìgò yọ lábẹ́ ìró, ìgò kékeré tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, tí gbogbo ọmọ ilé ti tọ́ nínú rẹ̀. Ó dì í mú, kò tẹ̀ síwájú. Nígbà tó yá, ó po amọ̀, ó dí ojú ibẹ̀ padà, ó sọ̀kalẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àpótí ìjókòó sábẹ́ igi òrí kan tó ń tanná, ó ń wò. Ojú mọ́ fẹ́rẹ́, àwọn ará àpótí ti dé, wọ́n bo òdòdó bí èrò bo ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Paouignan. Aláìlóró kì í jí ní kùtù. Òtútù ilẹ̀ ń mú un, àfi bí oòrùn bá ta sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló tó yọ orí. Nígbà tí èyí àkọ́kọ́ fi máa dé, wọ́n ti lá àwo mọ́. Ó bà lórí òdòdó kan, ó fò. Ó bà lórí òmíràn, ó fò. Kò sí ìjà. Kò sí ẹni tó ta á. Odette ì bá rí ìjà, ì bá mọ ibi tó máa là á sí.

Ó kúrò níbẹ̀, ó wọ oko ikàn rẹ̀. Ikàn náà ti ń sọ tirẹ̀ láti èṣí, kò sí ẹni tó gbọ́. Òdòdó rẹ̀ pọ̀, ó ń rẹ̀, ó ń já sílẹ̀, kò so. Òdòdó ikàn kì í ṣí àpò ìyẹ̀fun tí ń mú un so fún ẹni tí kò bá dì mọ́ ọn kó gbọ̀n ọ́n, ará àpótí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n ọ́n. Kòkòrò dúdú bọ̀ǹbọ̀ kan ló mọ iṣẹ́ náà, èyí tí ń lu ihò sínú igi gbígbẹ tó ń gbé ibẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Lambert máa ń pè é. Odette wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí gbẹ́nàgbẹ́nà kan. Ó wá rántí igi òrí tó kú lórí ìdúró. Ó rìn lọ sídìí àpótí tó súnmọ́ ọn jù, ó tẹ̀ ba, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ihò róbótó-róbótó, mẹ́fà, méje, wà lára igi náà, ẹnu ọ̀nà ilé onílé, tí òun fúnra rẹ̀ fi ayùn gé sí méjì.

Ọjọ́ ọjà, ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá Ràhímọ́tù, ìyá Wàsíù, obìnrin tó ń ra oyin àpótí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ràhímọ́tù ní wàhálà kò sí níbẹ̀: kí ó bu oyin àpótí sínú ìgò, kí ó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, nítorí gbogbo ayé mọ̀ pé ti aláìlóró máa ń kan lẹ́nu.

"Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ," ni Ràhímọ́tù wí, "ṣé ó máa bi ọ́ pé ìyá àgbà, oyin wo nìyí?"

"Ìyá Wàsíù, bí a bá fi irọ́ la ẹnu ọmọ, kí ni yóò máa sọ tó bá dàgbà?"

"Á di oníṣòwò bíi tèmi."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín débi pé oníbàárà kan yà wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Lójú ọ̀nà òkè, lórí ọ̀kadà, Odette tún rántí rẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín, ó sì yí ojú padà láti sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ẹ̀yìn ọlọ́kadà ló bá pàdé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pe Diane. Ó ti ro oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ jọ, gbogbo wọn tú ká lẹ́nu rẹ̀.

"Diane, kò sí oyin," ló sọ. "Kò sí ẹni tó jí i. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi lé wọn kúrò nílé. Díẹ̀ kù, bí mo bá mú un, wọ́n á kú tán. Mi ò ní mú un."

Ó gbọ́ fèrè ọkọ̀ ní Kútọnu, ó gbọ́ omi tí ń dà sínú nǹkan.

"Mo ti gbọ́, Màmá," ni Diane wí, ó sì pa fóònù.

Landry dé lọ́jọ́ kẹta tí Odette ti ń pè é. Odette kò fún un lómi, ìyẹn sì burú. Ó mú un lọ síbi òkúta, ó fi ọ̀pá ìda tó rún hàn án. Ó mú un lọ síbi ikàn. Ó ní kó bẹ̀rẹ̀, kó ka ihò ara ẹsẹ̀ àpótí. Landry kà á. Ó wá rọra rán an létí pé òun sọ fún Màmá pé kí wọ́n pín àwọn àpótí náà káàkiri.

"O sọ ọ́," ni Odette wí. "Ẹnu rẹ kò le tó. O rí mi pé mo ń ṣìṣe, o ní dakọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi náà, etí mi kò sí nílé. Ṣùgbọ́n bi àwọn ọ̀gá rẹ léèrè fún mi. Ẹ̀yin ń ka àpótí, ẹ ń ka gálọ́ọ̀nù. Ta ló ń ka àwọn tí kò ní àpótí?"

Landry ní gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi kọ́ òun nípa wọn nílé ìwé, kò sì sí ojú ibi tí òun á kọ wọ́n sí nínú ìwé tí wọ́n ń fún òun. Odette ní kó wá kó méjìdínlógún lọ fún àwọn abúlé tí kò ní ẹyọ kan, kó sì pín wọn gẹ́gẹ́ bí ó ṣe mọ̀ ọ́n. Kí méjì ṣẹ́kù, ìkan nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ìkan lẹ́yìn odò. Landry kìlọ̀ pé Màmá kò ní rí nǹkan tà ní Arigbo lọ́dún yìí. Odette ní òun gbọ́. Landry wo bàtà ara rẹ̀, ó ní bí àpótí bá lọ, àjọ kò ní fún òun ní epo ọkọ̀ láti máa wá síbí mọ́.

"Ìyẹn náà," ni Odette wí, "mo gbọ́."

Ní ìdájí ni wọ́n kó wọn, nígbà tí gbogbo oyin ṣì wà nínú ilé. Ìgbà tí ọkọ̀ yọ́ sọ̀kalẹ̀ tán, ìdákẹ́jẹ́ kan gba ẹ̀yìnkùlé náà, irú èyí tó ń jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Kò sí àlejò, kò sí onílé. Odette gbálẹ̀ ibẹ̀. Nígbà tó gbá a tán, ó tún un gbá.

Ọ̀rọ̀ kan wọlé lórí fóònù nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Ọkọ Diane ló kọ ọ́: ọmọbìnrin ni, Sátidé la ó sọ ọ́ lórúkọ. Kò kọ ẹ wá, kò kọ ẹ má wá. Odette wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Kò mú nǹkan kan dání ju aṣọ ọmọ àti ìgò òfìfo náà lọ.

Nílé ọkọ Diane, wọ́n ti to iyọ̀, omi àti ìrèké sínú àwo. Oyin ṣọ́ọ̀bù kan náà wà níbẹ̀, bébà ṣì ń dán lára rẹ̀. Nígbà tó kan oyin, gbogbo ojú yí sí ìyá ìyàwó. Odette dìde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí láyé rẹ̀ tí ohùn rẹ̀ kò dé ẹnu ọ̀nà.

"Oyin tí ilé wa fi ń sọ ọmọ lórúkọ, mi ò rí i mú wá," ló wí. "Ọwọ́ mi ni mo fi bà á jẹ́. Ìgò rẹ̀ nìyí. Mi ò lè rọ òmíràn sí i."

Ìyá ọkọ Diane na ọwọ́ sí oyin ṣọ́ọ̀bù. Diane dá a dúró. Ó gba ìgò òfìfo lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà bí ojú ọmọ ọdún méje. Ó rọra gbé ẹnu ìgò náà sábẹ́ imú ọmọ tó ń sùn.

"Òórùn rẹ̀ nìyẹn," ló sọ fún ọmọ náà. "Ó kan díẹ̀. Ìyókù wà lórí òkè, ẹsẹ̀ ara rẹ ni wàá fi rìn lọ jẹ ẹ́."

Wọ́n fi ìrèké kan ahọ́n rẹ̀, ètò sì ń bá a lọ. Níbi ọkọ̀, Diane dá ìgò padà fún ìyá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Odette fẹ́ béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n á wá. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ètè. Ó gbé e mì.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, òjò kejì rọ̀. Ọmọ kò tí ì jókòó, ká má tíì sọ ìrìn. Lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, Odette fi ìka kan etí ọ̀pá ìda, ó rọ̀, ìka rẹ̀ fi àmì sílẹ̀ lára rẹ̀. Kò ṣí amọ̀. Ó kó gbogbo ẹsẹ̀ àpótí tó kù nílẹ̀, ó so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú okùn, ó gbé wọn nàró sétí oko bí igi tó kú lórí ìdúró. Kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà tó tíì wá wò ó.

Nítorí náà, láàárọ̀ ojoojúmọ́, ó ń gbé etí ti òkúta tí kò sọ nǹkan kan, á ní, "Ẹ jí o, ẹ̀yin ará ilé," á sì lọ wọ oko ikàn. Á fi ìka méjì di òdòdó mú, á ká ètè jọ, á máa ṣe hùùù bí gbẹ́nàgbẹ́nà, á sì fi èékánná gbọ̀n ọ́n títí ìyẹ̀fun yóò fi dà sí i lọ́wọ́. Òdòdó kan lẹ́yìn òmíràn, poro kan lẹ́yìn òmíràn, àgbà obìnrin kan ṣoṣo lórí òkè, tó ń fi ẹnu tí wọ́n fi oyin olóró là kùn sí òdòdó létí. Nígbà tí oṣù kan fi máa pé, ikàn mẹ́rin so.